Nígbà tí Mo Ń Jẹ́ Kẹ́hìndé

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó dá ọkàn mi padà fún mi. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá ṣí kúrò nílé rí kò lè mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ lé lórí.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní òdìkejì ààlà, níbi tí Faransé ti jọba. Ilé kéwú ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti mọ̀wé, nítorí pé Àfáà tó kọ́ wa ní Kùránì kò gbà kí ọmọ kankan kúrò lọ́dọ̀ òun láìmọ Yorùbá kọ. Bí mo ṣe dé Ọ̀tà kò ní ìtàn nínú. Ojú ọ̀nà Ìdíròkò ni mo gbà, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Sángò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀nà náà kò jìn. Mo ti rò pé ibi tí èèyàn yóò ti di àlejò gbọ́dọ̀ jìnnà.

Yorùbá ni mo gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, inú mi sì dùn. Mo lọ bá obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì. N kò tíì parí ọ̀rọ̀ mi tó fi gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ará Kútọnu yìí, ṣé ó ṣẹ́ ku ẹnikẹ́ni nílé yín báyìí?"

"Kétu ni mo ti wá, mà."

"Kútọnu ni gbogbo ẹ̀. Ti èló ni kí n mú?"

N kò dé Kútọnu rí títí di òní.

Bàbá tó bí bàbá mi máa ń sọ pé kí òyìnbó tó fa ààlà, ẹsẹ̀ ni àwọn bàbá òun fi ń rìn láti Kétu lọ nájà ní Ìmẹ̀kọ, tí ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn ní Sángò. Ohùn mi ló ń tú mi fó. Ó máa ń tẹ̀ síbi tí ohùn tiwọn kì í tẹ̀ sí. Tí mo bá dákẹ́, ọmọ ilé ni mí. Tí mo bá ní kí n kí èèyàn, mo ti di àjèjì. Nítorí náà mo kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n débi tó fi pa mí lára.

Ìgbà náà ni àwọn ìjọ ńláńlá ń ra ilẹ̀ lọ́nà Ìdíròkò, tí yunifásítì ń hù níbi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó kún fún àwọn tó ń lọ wá iṣẹ́ ìyanu a máa kọjá níwájú wa, ọkọ̀ àwọn òbí tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé a sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ lásán ni èmi ń wá ní tèmi.

Mo rí i níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́tùlù tí a fi ń ṣe àlùwàlá, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe. Tí ẹ̀rọ bá la ẹnu, wàá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wàá yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbóná jáde, wàá sì yọ ọwọ́ rẹ kó tó tún pa ẹnu dé. Ilé iṣẹ́ náà kì í gba irú wa fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Fẹ́mi ló ń kó wa wá fún wọn, òun ló ń gba owó iṣẹ́ wa, òun ló ń fún wa ní èyí tó bá wù ú níbẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ kan bá kúrò, Ọ̀gá Fẹ́mi kì í sọ fún wọn lókè. Á wá ẹlòmíràn, á gbé káàdì ẹni tó lọ kọ́ ọ lọ́rùn, iṣẹ́ á sì máa lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó lọ.

Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn. Ó na káàdì kan sí mi níwájú géètì.

"Kẹ́hìndé lò ń jẹ́ láti òní."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo lórúkọ."

"Mo mọ̀. Fi í sílé. Tí mo bá ní kí wọ́n ṣe káàdì fún ẹ, wọ́n á ní kí o mú ìwé ọmọ Nàìjíríà wá. Ṣé o ní in?"

N kò ní in. Mo wo àwòrán ara káàdì náà. Ojú obìnrin kan ni, ó ti ṣá, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ó ti ríṣẹ́ tó dáa jù síbòmíràn. Ṣé iṣẹ́ lo wá ṣe ni, àbí ìwádìí?"

Mo fi káàdì kọ́rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ̀ pé àwọn orúkọ kan wà tí a kì í yá. Ẹni tó bá wù ú lè jẹ́ Bísí. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, ọ̀run ni wọ́n ti ń mú un wá. Èmi tí ìyá mi bí ní èmi nìkan, àbíkẹ́yìn, mo wá ń ru orúkọ ẹni tó bá ẹlòmíràn gbé inú kan náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an ni mo ti mọ̀ pé ó wúwo, nítorí pé ọkùnrin àgbàlagbà tó ń ṣọ́ géètì, ọmọ bíbí Ọ̀tà, ka káàdì mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí.

"Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn! Ẹdúnjọbí! Kẹ́yìn, Táyé ńkọ́?"

"Ó wà nílé, Bàbá."

"Ilé ibo?"

"Ilé wa ni, sà."

"Ilé yín kò lórúkọ?"

Bàbá Géètì ni gbogbo wa ń pè é. Lójoojúmọ́ ló ń kì mí, lójoojúmọ́ ló sì ń béèrè Táyé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá Táyé kan sílẹ̀ lọ́kàn mi kí n lè rí nǹkan dáhùn. Mo ní ó ń ránṣọ. Mo ní ó ti lọ́kọ. Nígbà tó yá, mo mọ irú ọbẹ̀ tó fẹ́ràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń jẹ ẹ̀wà lẹ́bàá géètì, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé, "Kẹ́yìn, ìwọ àti Táyé, ta ló ga jù?"

Mo ní, "Òun ni. Ṣebí òun ni ẹ̀gbọ́n."

Ṣíbí dúró lẹ́nu wọn. Bàbá Géètì yí ojú sí mi.

"Kẹ́hìndé wo ló ń pe Táyé ní ẹ̀gbọ́n?"

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò. Èmi náà mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ìbejì kì í rántí nígbà tí wọ́n bá béèrè lójijì.

Obìnrin tó béèrè náà ló yọ mí. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ará Kútọnu ni. Ìbejì tiwọn, orí ni wọ́n fi ń rìn."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Géètì kò rẹ́rìn-ín, kò sì tún bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń gbọ́ orúkọ mi ni orí fóònù. Obìnrin kan wà lábẹ́ agbòòrùn ní Sángò tó ń ta ìpè. Ọjọ́ tí mo bá sinmi, mo máa ń lọ bá a kí n lè pe ilé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á sì gbé fóònù fún ìyá mi. Ìyá mi kì í kọ́kọ́ kí mi. Á pe orúkọ mi, á tún fi oríkì mi pè mí, á wá dákẹ́ kí n dáhùn.

"Ìyá, ẹ tún pè mí."

"Kí ló dé? Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ẹ ṣáà tún pè mí."

Á rẹ́rìn-ín, á tún pè mí. "Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ dáadáa níbẹ̀?"

"Wọ́n ń ṣe mí dáadáa, Ìyá."

Ní ọjọ́ kan tí obìnrin náà kò pàtẹ, mo bẹ Bàbá Géètì, ó sì yá mi ní fóònù rẹ̀. Bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Àwa òṣìṣẹ́ kì í mú fóònù wọ inú ọgbà. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi sọ pé inú òun dùn, ó kéré tán àwọn ti mọ ibi tí àwọn lè pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Nǹkan ṣẹlẹ̀ ní ìgbà òjò.

Èmi kò mọ̀. Mo wá síbi iṣẹ́, Bàbá Géètì kì mí, mo wọlé, mo yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ kan, Bàbá Géètì di káàdì mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

"Kẹ́yìn, ìwọ tó mọ apá ibẹ̀ yẹn. Ọkùnrin kan pè mí láti Kétu lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń wá obìnrin kan níbí. Ó pè, ó tún pè. Mo ní a ò ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Orúkọ wo ló pè, Bàbá?"

Ó pe orúkọ mi. Ó ń wò mí lójú bó ṣe ń pè é.

Mo ní n kò mọ ẹni náà. Mo wọlé lọ síbi ẹ̀rọ. N kò mọ bí ọjọ́ náà ṣe parí. Nígbà tí wọ́n ṣí géètì fún wa, mo sáré dé ọ̀dọ̀ obìnrin abẹ́ agbòòrùn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e. "Níbo lo wà? Ṣé ìwọ náà ti kú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"A ti sin Ìyá. Ọjọ́ tó kú náà la sin ín, o mọ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ó ń béèrè rẹ títí ẹnu rẹ̀ fi kọ̀. Mo pe ibi iṣẹ́ rẹ. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́."

Mo lọ bẹ Ọ̀gá Fẹ́mi pé kó fún mi láyè, kí n lọ sí Kétu lọ jókòó ti àwọn ẹbí mi.

Ó ní, "Ìyá rẹ ló kú. Ìyá Kẹ́hìndé kò kú. Tí Kẹ́hìndé ò bá wá lọ́la, ta ló fẹ́ dúró sí ìdí ẹ̀rọ?"

N kò lọ. Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí mọ̀ pé ẹni tó bá jáde lọ́jọ́ kan, á bá ẹlòmíràn tó ti gbé káàdì rẹ̀ kọ́rùn. N kò sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí pé tí mo bá sọ ọ́, Kẹ́hìndé ni wọn yóò bá kẹ́dùn. N kò sọkún. Ìgbà tí mo bá fẹ́ sọkún, mo máa ń wò ó pé ta ló fẹ́ sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ṣe wọlé. Oorun ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ìyá mi láàárín ariwo ẹ̀rọ, tó ń pè mí, tó ń dákẹ́ kí n dáhùn, n kò sì lè dáhùn nítorí pé ojú àwọn èèyàn wà lára mi. Oúnjẹ di iyanrìn lẹ́nu mi. Tí mo bá kírun tán, tí mo tẹ́ ọwọ́ pé kí n ṣàdúà, ẹnu mi kì í là. Ó ń ṣe mí bíi pé Ọlọ́hun yóò béèrè ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, n kò sì mọ ohun tí màá wí.

Mò ń gbé ní Ilo-Awela nígbà náà, yàrá mi àti ti Màmá Ìyanu fara kanra. Opó ni Màmá Ìyanu, ó ń se oúnjẹ ní yunifásítì kan, onígbàgbọ́ tòótọ́ sì ni. Òun ló bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn ilé, tí òjò ń pa mí tí n kò mọ̀.

"Kẹ́yìn mi, dìde. Màá mú ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa. Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí ni ẹ́, àmọ́ kò sí ohun tó ń jẹ́ Mùsùlùmí nínú òjò."

Mo tẹ̀ lé e. Ilé ìjọsìn náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ìparí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òjíṣẹ́ wọn gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì béèrè orúkọ mi. Mo dáhùn kí n tó ronú. Mo ní Kẹ́hìndé.

Gbogbo wọn gbé Kẹ́hìndé lọ síwájú Ọlọ́run. Wọ́n pè é, wọ́n làágùn, àwọn kan sunkún nítorí rẹ̀. Kẹ́hìndé, gba ìwòsàn. Kẹ́hìndé, padà sípò rẹ. Mo dúró láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kọjá níwájú rẹ̀ lọ fún ará ilé kejì. N kò ní bú wọn láéláé. Àánú ni wọ́n fi ṣe é. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé bóyá àdúrà náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni orúkọ, nítorí pé òun náà kò ṣàìnílò rẹ̀, bí mo ṣe wá mọ̀.

Nígbà tí Màmá Ìyanu rí i pé ara mi kò yá, ó ní, "Ó dáa, wá tiyín. Ibi tí o ti mọ Ọlọ́run tẹ́lẹ̀ ni kí o padà sí." Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi dé mọ́ṣáláṣí kékeré kan ní Ojú Ọrẹ, ó sì jókòó síta dè mí pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀ lórí itan.

Àfáà ibẹ̀ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí náà. Ó ní òun yóò ṣe àdúà fún mi.

"Orúkọ rẹ?"

"Kẹ́hìndé."

"Orúkọ ìyá rẹ?"

Ẹnu mi kò là mọ́. N kò mọ ìyá Kẹ́hìndé. Orúkọ ìyá mi sì rèé, Àmínátù, n kò lè gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Àfáà kò dá mi lẹ́kun. Ó fi abẹ́rẹ́ bàtà lélẹ̀, ó dúró dè mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ọlọ́hun kì í wo káàdì, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti bá ọ kírun sí ìyá rẹ lára?"

"Wọ́n ti kí i ní Kétu, sà. Èmi ni n kò sí níbẹ̀."

"Àwọn onímọ̀ kan ní a lè kí i fún ẹni tí kò sí níwájú wa. Àwọn kan ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní a lè kí i ni èmi tẹ̀ lé lónìí."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó yíjú sí àwọn jamáà. Wọn kò ju iye tí ẹní méjì lè gbà: telọ̀, bíríkìlà, àwọn ìyá alájàpá díẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Arábìnrin wa yìí pàdánù ìyá rẹ̀, kò sì ráyè dé ibẹ̀." Ó pe orúkọ ìyá mi. Ó pe orúkọ èmi ọmọ rẹ̀. Wọ́n tò, wọ́n dúró kírun níwájú ilẹ̀ òfìfo. Àwọn tí kò mọ̀ mí rí tọrọ àforíjìn fún Àmínátù ará Kétu, àwọn ìyá náà sì wá dì mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi orúkọ mi gan-an kí mi kú ará fẹ́ra kù.

Mo rò pé ó parí níbẹ̀. Àfáà ní kò parí. "Àdúà ni tèmi. Oorun tí kò wá yìí, dókítà ló ni ín. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹni tó lọ rí dókítà ọpọlọ ti ya wèrè. Ọlọ́hun ló dá dókítà náà."

Mo lọ. Orúkọ mi ni mo fún wọn nílé ìwòsàn. Wọ́n pè é títí, obìnrin tó jókòó tì mí sì ń wò yíká pé ta ni wọ́n ń pè, kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Dókítà náà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò le, fún mi lóògùn, ó sì ní kí n máa padà wá. Ohun tó pọ̀ jù tó ṣe fún mi ni pé ó jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ ìyá mi. Ó ní ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ìyanu, ọ̀fọ̀ tí kò ríbi jókòó sí ni. Díẹ̀díẹ̀ ni oorun fi padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ adùn iyọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣì ń jẹ́ Kẹ́hìndé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, ọ̀rọ̀ sì ti tàn kálẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní mánéjà ń pè mí. Ọ̀gá Fẹ́mi wà ní ọ́fíìsì kí n tó dé, Bàbá Géètì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Obìnrin kan jókòó níwájú tábìlì. Ó gbé ojú sókè, ojú tó wà lára káàdì mi ni mo rí.

Mánéjà ní, "Màdáámù, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ẹ ń wá síbí. Ẹ ní ẹ̀rọ wa ló fọ́ ọwọ́ Kẹ́hìndé àbúrò yín, tí wọ́n fi gé e."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni Táyé."

"Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Kẹ́hìndé rèé. Kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan, ìwé wa wà níbẹ̀." Ó yí sí mi. "Kẹ́hìndé, gbé ọwọ́ rẹ sókè kí wọ́n rí i."

Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè.

Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Kẹ́hìndé kò rí iṣẹ́ kankan síbòmíràn. Ìdí ẹ̀rọ tí mò ń dúró sí ló ti fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀gá Fẹ́mi gbé e jù sílé, ó sì fi ọwọ́ mi bo ihò náà. Gbogbo ọjọ́ tí mo wá síṣẹ́, mò ń jẹ́rìí pé nǹkan kan kò ṣe é.

Táyé wo ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. Mo retí pé yóò ṣépè fún mi.

Ó ní, "Àǹtí, kí Ọlọ́run bá ẹ dá a sí. Àmọ́ èmi àti ẹ ò jọ gbé inú kan náà."

Tó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, bóyá ǹ bá dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Èmi kọ́ ni Kẹ́hìndé." Mo sọ orúkọ mi. Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ti ìyá mi, mo sọ àdúgbò wa ní Kétu. Ohùn mi tẹ̀ síbi tó máa ń tẹ̀ sí, n kò dá a dúró.

Ọ̀gá Fẹ́mi fò dìde. "Wèrè ni, sà! Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn nísàlẹ̀. Dókítà ọpọlọ ló ń wò ó. Kò mọ ẹni tó jẹ́ mọ́!"

Ó bà mí ní ibi tó ń dùn mí jù.

Mo ní, "Òótọ́ ni, sà, mo ń rí dókítà. Orúkọ tí dókítà fi mọ̀ mí ni mo sọ fún yín yẹn."

"Ẹ ò rí i? Ó gbà pé—"

"Ọkùnrin kan pè mí láti Kétu," ni Bàbá Géètì wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Gbogbo wa yíjú. "Orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yìí ló ní òun ń wá. Mo wá gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ló kú. Èmi ni mo ní kò sí níbí." Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Mo ti fura tipẹ́. Ọmọ yìí pe Táyé ní ẹ̀gbọ́n lójú mi. Mo dákẹ́, torí pé mo fẹ́ jẹun. Ọlọ́hun má ṣe bi mí."

Mánéjà pa ìwé rẹ̀ dé.

Ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí n máa lọ. Wọ́n ní kí Bàbá Géètì lọ sinmi nílé, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí Táyé ti lọ, tó ti bọ̀, ilé iṣẹ́ gbà láti máa tọ́jú egbò Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í hù. Ní ti Ọ̀gá Fẹ́mi, mo rí i lójú ọ̀nà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn tuntun sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń lọ.

Màmá Ìyanu bá mi wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fọ aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin náà bi mí pé kí lòun yóò máa pè mí. Mo sọ fún un, kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn nínú ìrun mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnu mi là.

Mo lọ sí Kétu nígbà tí mo ráyè. Koríko ti bo sàréè ìyá mi. Mo dúró níbẹ̀, mo dá a lóhùn.

Ó ku ẹnì kan tí n kò tíì rí. Àtàn ni Táyé àti Kẹ́hìndé ń gbé, nínú ilé bàbá wọn. Mo kó ọsàn lọ́wọ́. Táyé ní òun fẹ́ lọ ra epo, mo mọ̀ pé ó fẹ́ fi àwa méjèèjì sílẹ̀ ni. Kẹ́hìndé jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó da ìborùn bo apá òsì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Kí lò ń kúnlẹ̀ fún? Ṣé ìwọ lo gé e?"

Mo jókòó. Ó gba ọsàn náà, ó gbé e lé itan.

"Ṣé Bàbá Géètì ń kì mí síbẹ̀?"

"Lójoojúmọ́."

"Ó máa ń kì mí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bíi ti inú àwòrán, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Tí wọ́n bá pè mí nísinsìnyí, ọ̀kan tó lọ́wọ́ méjì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mi ò mọ bí màá ṣe máa jẹ́ ẹ mọ́."

Mo sọ fún un nípa dókítà náà, pé ara ló kọ́kọ́ ń gbọgbẹ́, àmọ́ ara nìkan kọ́, ọkàn náà ń gbọgbẹ́. Mo ní tó bá fẹ́, màá bá a lọ. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Oúnjẹ rẹ̀ wà lórí àpótí, wọ́n ti fi abọ́ dé e. Ó wo ilẹ̀kùn bóyá Táyé ń bọ̀, nítorí pé ẹni tó ṣẹ́ ku ọwọ́ kan fún kò lè fọ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀. Táyé kò tíì dé. Ó yíjú sí mi, ó pe orúkọ mi jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Mo bu omi, mo mú ọṣẹ, mo bá a fọ̀ ọ́.